Alábòójútó Ẹ̀yìn Ògiri

Òórùn yàrá náà ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ìhùùhù ọmọ adìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ, pákó tí ooru ti ń yan láti ọjọ́ pípẹ́, èèpo ẹyin tó fọ́, àti omi oògùn tí wọ́n fi ń nu sìmẹ́ńtì láràárọ̀, gbogbo rẹ̀ á dàpọ̀, á sì fẹ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí ọ lójú bí o bá ti ṣí ilẹ̀kùn. Ìwọ tí o kọ́ṣẹ́ iná bíi tèmi mọ òórùn wáyà tó jó dáadáa. Èyí kì í ṣe irú rẹ̀. Ó jọ òórùn orí ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Inú ọgbà kan lójú ọ̀nà tó ti Ìwó lọ sí Olúpọ̀nnà ni yàrá náà wà. Ìyá àgbàlagbà kan tó ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé àwọn Onítẹ̀bọmi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì ló ni ín, Màmá Tíṣà sì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Ẹ̀rọ ìsàba wọn ló wà níbẹ̀, àpótí pákó tó ga tó kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, tí wọ́n rà ní àlòkù ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ tí àgbébọ̀ ń fi ìyẹ́ rẹ̀ ṣe ni ẹ̀rọ náà ń fi iná ṣe. Ẹyin á wọlé, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ adìẹ á jáde, bí Ọlọ́run bá gbà, bí iná ọba náà bá sì gbà.

Nǹkan mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Wáyà kan wà tó ń pọ́n láti mú ooru wá, fáànù kan wà tó ń fẹ́ ooru náà káàkiri, ọ̀pá kan sì wà tó ń yí tíréè ẹyin padà díẹ̀díẹ̀, bí adìẹ ṣe ń fi ẹsẹ̀ yí ẹyin tirẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ètò. Fáànù gbọ́dọ̀ ṣáájú, ooru á tẹ̀lé e, ọ̀pá á kẹ́yìn. Bí ooru bá ṣáájú fáànù pẹ́nrẹ́n, àwọn ẹyin tó wà nítòsí wáyà á sè bí èyí tí a fẹ́ fi jẹ búrẹ́dì.

Iṣẹ́ Bàbá ni láti rí i pé ètò yìí kò dàrú. Bàbá ni àgbàlagbà tó ń ṣọ́ ọgbà náà, ọmọ Ilé-Ogbó, àgbẹ̀ tí orúnkún ti lé kúrò lóko ńlá, tó wá ku ẹ̀gẹ́ díẹ̀ tí wọ́n gbìn sí ìsàlẹ̀ odò lẹ́yìn ọgbà. Iná ọba, ìwọ náà mọ̀ ọ́n: á lọ láìdágbére, á dé láìkanlẹ̀kùn. Bí ó bá ti lọ, Bàbá á pa súìṣì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lára ẹ̀rọ, wọn á gbé àga sí ìta, wọn á sì máa wo gúlóòbù kan tó so rọ̀ lókè ẹnu ọ̀nà. Gúlóòbù yẹn ni ẹlẹ́rìí wọn. Bí ó bá ti tàn, wọn á ní sùúrù díẹ̀ kí iná náà fẹsẹ̀ múlẹ̀, wọn á ṣe Bísímílááhì, wọn á wá tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni ènìyàn. Ọjọ́ kan wà tí iná dé nígbà tí Bàbá wà lórí ìrun Àlàásárì, àlejò kan tó fẹ́ ṣe ìrànlọ́wọ́ sì sáré tẹ ti ooru nìkan. Wọ́n ní òórùn ẹyin sísè gba gbogbo ilé, ajá ń lá ẹnu.

Ìdí nìyẹn tí Màmá Tíṣà fi ní kí ẹnì kan ní Ìbàdàn bá àwọn ṣe àpótí irin kékeré kan. Ọ̀gá mi ní Ìwó ni wọ́n gbé e wá bá pé kí ó fà á mọ́ ẹ̀rọ, ọ̀gá mi sì ní kí n lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ni nígbà náà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo sì lo ọdún díẹ̀ ní ilé kéwú lọ́dọ̀ bàbá mi, nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fi iṣẹ́ tó le lé mi lọ́wọ́, orí mi máa ń wú ju bó ṣe yẹ lọ. Mo jókòó ti àpótí náà ní ṣọ́ọ̀bù títí mo fi lóye rẹ̀. Kò ní iṣẹ́ kankan tirẹ̀ ju kí ó máa ṣọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Bí iná bá ti dé báyìí, òun fúnra rẹ̀ ni yóò jí, kò ní retí ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Á jí fáànù, á dúró kí fáànù gbéra dáadáa, á jí ooru, á sì jí ọ̀pá. Bí fáànù bá dákú lẹ́nu iṣẹ́, á pa ooru kíákíá, á sì máa gbìyànjú láti jí fáànù padà. Ẹ̀yìn ògiri ni mo kàn án mọ́, nínú yàrá tóóró tí wọ́n ń kó oúnjẹ adìẹ sí, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní máa rí i. Ohùn rẹ̀ nìkan lo máa gbọ́ láti inú ilé: kẹ̀, á dákẹ́, kẹ̀, á dákẹ́, kẹ̀, bí ìyá arúgbó tó ń pa obì. Alábòójútó ni mo sọ ọ́.

Mo tú súìṣì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò lára ẹ̀rọ, nítorí pé kò sí ohun tí a tún fẹ́ fi wọ́n ṣe. Mo tú gúlóòbù ẹnu ọ̀nà náà, mo lo wáyà rẹ̀ fún nǹkan mìíràn. Mo wá lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, níbi tí súìṣì ńlá onírin tó ń pín iná fún gbogbo ilé wà, mo fà á sílẹ̀, mo gbé e sókè padà, mo sì sáré padà wá gbọ́. Kẹ̀. Kẹ̀. Kẹ̀.

Bàbá ṣí fìlà. "Ó mà ń dáhùn! Ṣé ó ń kírun náà?"

"Kò ní orúnkún tí yóò fi kúnlẹ̀, Bàbá."

"Ó sàn jù mí lọ nìyẹn. Èmi ní orúnkún, kò gbọ́ tèmi."

Màmá Tíṣà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi yọ awò ojú wọn nu. Wọ́n wá fi ohùn kíláàsì sọ̀rọ̀. "Ẹ gbọ́ o, Bàbá. Ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan màṣíìnì yìí mọ́."

"Mo gbọ́, Tíṣà. Ọwọ́ mi ti kúrò níbẹ̀."

"Ẹ lọ máa ro ẹ̀gẹ́ yín, Bàbá," èmi náà dá sí i. "Bí iná lọ, bí iná dé, kò kàn yín mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń jí."

Àánú ara mi ń ṣe mí bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ yìí.

Ọ̀wọ́ ẹyin àkọ́kọ́ tí Alábòójútó ṣọ́ kò tíì dé ìdajì nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo gun kẹ̀kẹ́ dé ibẹ̀ lówùúrọ̀. Ẹyin kan wà nínú àwo lórí tábìlì Màmá, wọ́n ní kí n gbọ́ bó ṣe ń dún nínú. Ó ń dún bí omi inú agbè. Wọ́n ní àwọn ti ìlú dé lánàá, wọ́n ṣí ẹ̀rọ, wọ́n bá gbogbo ẹyin ní tútù bí òkúta odò. "Mo kọ́kọ́ rò pé iná ni kò tíì dé. Ṣùgbọ́n télọ̀ tó wà ní òdìkejì títì sọ pé kò pẹ́ rárá tí iná fi dé, òun fi lọ aṣọ oníbàárà méjì. Kí ló wá ṣe àpótí rẹ tí kò fi jí?"

Mo lọ sẹ́yìn ògiri. Alábòójútó wà lẹ́nu iṣẹ́, ó gbóná díẹ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi, bó ṣe yẹ kó rí. Mo lọ fa súìṣì ńlá sílẹ̀, mo gbé e sókè. Kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀. Mo tún un ṣe, mo tún un ṣe. Kò tàsé lẹ́ẹ̀kan. Mo bi wọ́n pé ta ló fọwọ́ kan ẹ̀rọ, wọ́n ní kò sí. Mo bi wọ́n bóyá ẹnì kan wọ yàrá oúnjẹ adìẹ, wọ́n ní kò sí. Mo fún gbogbo nọ́ọ̀tì mọ́lẹ̀, bí ẹni tí kò mọ ibi tó ń dun aláìsàn tó wá ń fún un ní egbòogi orí, mo sì lọ sílé.

Ó tún ṣẹlẹ̀. Ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ọ̀sán ló máa ń jẹ́, télọ̀ á ní iná ti dé tipẹ́, Màmá á dé bá ẹyin tútù. Èmi á sì dé ní ọjọ́ kejì, màá bá Alábòójútó lẹ́nu iṣẹ́ bí ẹni mímọ́. Mo pààrọ̀ wáyà tó lọ sí i. Mo fi bébà nu gbogbo ibi tí irin ti ń kan irin. Mo rò pé eku ni, mo dẹ pàkúté, mo mú eku kan tí kò mọ nǹkan kan. Ọkàn mi dàrú. Bí mo bá wà ní Ìwó tí iná lọ, ọkàn mi á kàn máa ré lọ sí ojú ọ̀nà Olúpọ̀nnà, màá máa fetí sílẹ̀ bí ẹni pé mo lè gbọ́ kẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn oníbàárà. "Nǹkan tó ń gbọ́ràn níwájú rẹ, tí kì í gbọ́ràn lẹ́yìn rẹ, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rọ mọ́. Ìyàwó lo fẹ́. Lọ san owó orí rẹ̀."

Ẹni tí ohun kan bá rú lójú máa ń wá ẹni tí yóò gbé e lé lórí. Nígbà tí ọ̀wọ́ kejì ti bàjẹ́ tán, Màmá Tíṣà pe èmi àti Bàbá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọn kò gbóhùn sókè, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé ó dá ọ lójú pé kì í ṣe àpótí yìí ló ní àìsàn?"

Mo wo ilẹ̀. Kò dá mi lójú. Kò sí ohun kan tó dá mi lójú ní ọjọ́ yẹn bí kò ṣe pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, àti pé iṣẹ́ tí mo dá ṣe fúnra mi fún ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Ni mo bá ní, "Àpótí ò ní ẹ̀bi, mà. Bí ọwọ́ ènìyàn kò bá dá a dúró, kò lè dúró."

Nínú ọgbà yẹn, ọwọ́ ènìyàn wo ló wà nílé lọ́sàn-án bí kò ṣe ti Bàbá?

Bàbá mọ̀ bẹ́ẹ̀ kíá. "Wàláì, Tíṣà, ọwọ́ mi ò kan màṣíìnì."

"Ẹ má búra, Bàbá. Ìbúra kì í pamọ." Màmá nawọ́ sí ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ. "Àwọn ẹyin tí mo kó sí i lánàá yìí ni ìkẹyìn. Bí wọ́n bá tún kú, màá ta màṣíìnì. Bàbá, ẹ̀yin náà á wá padà sí Ilé-Ogbó. N kò lè máa gbé pẹ̀lú ohun tí kò yé mi."

O ní láti mọ ohun tó wà ní Ilé-Ogbó kí o tó mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti wúwo tó. Ògiri ilé Bàbá ti wó lápá kan. Ìyàwó wọn ti kú. Àwọn ọmọ wọn ti bá iṣẹ́ gba Òkè Ọya lọ, lẹ́tà wọn sì ti dáwọ́ dúró. Gbogbo ohun tí Bàbá ń pè ní ilé ni yàrá kan lẹ́yìn ọgbà Màmá Tíṣà, níbi tí ẹní àti ààrò ìdáná wọn wà, tí ẹnì kan sì wà tó ń kí wọn káàárọ̀.

Bàbá sìn mí dé ibi tí mo gbé kẹ̀kẹ́ mi tì. Wọn kò bínú, wọ́n kàn ń wò mí.

"Ọmọ mi, ṣé o rò pé mò ń jowú àpótí ni?"

"Bàbá, mi ò mọ ohun tí mo rò."

"Ìyẹn gan-an ni ò bá ti sọ níwájú Tíṣà."

Mo gun kẹ̀kẹ́ mi lọ. N kò bojú wẹ̀yìn. Gbogbo òkè tó wà lójú ọ̀nà yẹn, ẹsẹ̀ ni mo fi gùn ún ní ọjọ́ náà, kì í ṣe pé ó rẹ̀ mí.

Mo fẹ́ gbàgbé, ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi pé mo fẹ́ lọ jókòó ti ẹ̀rọ náà láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí n fi ojú ara mi rí ohun tó ń ṣe é. Mo bá Màmá Tíṣà nílé, mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n sì ní kí n wọlé. Bàbá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń tún etí ẹní wọn kan ṣe. Mo rí i pé wọ́n ti di ẹrù kékeré kan, wọ́n fi okùn so ó, wọ́n gbé e ti ògiri.

Lọ́sàn-án, Màmá bu iṣu sísè àti epo fún mi, wọ́n fi iyọ̀ sí i, wọ́n bu ti Bàbá náà. Rédíò ń sọ̀rọ̀ láti inú pálọ̀. A ń jẹun lọ ni rédíò bá dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Iná ti lọ. Mo sọ fún ara mi pé ọjọ́ ti pé, òní ni màá mú olè. Mo jẹ oúnjẹ mi tán, mo fi omi fọ ọwọ́, mo sì lọ sẹ́yìn ògiri, mo jókòó lórí àpò oúnjẹ adìẹ, mo tẹjú mọ́ Alábòójútó. Ó ti sùn. Kò sí ohùn, kò sí ooru. Oúnjẹ adìẹ nìkan ni gbogbo nǹkan ń rùn.

Kò pẹ́ púpọ̀, mo gbọ́ rédíò télọ̀ láti òdìkejì títì. Orin ni, ó ń lọ sókè gan-an. Iná ti dé nìyẹn. Mo dìde dúró. Mo retí kẹ̀.

Kò dún.

Mo fi etí mi lé ara irin. Kò dún. Mo gbá a pẹ́, bí wọ́n ṣe ń gbá ọmọ tuntun tí kò ké. Kò dún. Kò sí bí mo ṣe lè ṣàlàyé ohun tó ṣe mí fún ọ. Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì tún dùn, nítorí pé ó ṣe é níṣojú mi wàyí. Kì í ṣe Bàbá, kì í ṣe eku, àìsàn gidi kan wà níbẹ̀ tí mo lè bá wọ̀jà. Mo tú ìdérí rẹ̀. Mo ń tú nọ́ọ̀tì kan, mo ń tú òmíràn, mo ń wo irin kéékèèké yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn dára, gbogbo wọn mọ́, n kò rí nǹkan kan. Òógùn ń kán sínú àpótí. Mo ronú títí, ojú mi ń ṣú, ohun tí mo mọ̀ ń di ohun tí n kò mọ̀. Nínú ẹ̀rọ tó wà ní ìhà kejì ògiri náà, àwọn ẹyin ìkẹyìn yẹn ti ń tutù.

Bàbá ló yọjú. Wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọn kò wọlé, nítorí pé Màmá ti ní kí wọ́n má fọwọ́ kan màṣíìnì mọ́.

"Ọmọ mi, iná télọ̀ yìí ti dúró dáadáa. Ṣé kí n lọ gbé súìṣì ńlá sókè, àbí o ṣì ń fẹ́ ẹ nílẹ̀?"

N kò kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó wọ etí mi, kò wọ orí mi. Nígbà tó yá, mo yíjú padà.

"Súìṣì ńlá wà nílẹ̀?"

"Ó kúkú wà nílẹ̀."

Inú bí mi lójijì, ọ̀rẹ́ mi, gbogbo ìdààmú ọ̀sẹ̀ púpọ̀ yẹn ló gbà mí lẹ́nu. "Ta ló pa á?"

Bàbá wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá àwàdà ni. "Ìwọ ni."

Mo fẹ́ jiyàn. Mo la ẹnu mi. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń la ẹnu ni mo rí ara mi bí ẹni tó ń wo ẹlòmíràn: rédíò dákẹ́, mo fi iṣu ọwọ́ mi sílẹ̀, mo dìde, mo fa súìṣì ńlá onírin yẹn sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òsì nítorí epo tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, mo sì padà wá jókòó sídìí iṣu. Bàbá tilẹ̀ ti kí mi. Wọ́n ní, "O ṣé o, ẹsẹ̀ ń dùn mí." Mo sì dá wọn lóhùn pé kò tọ́pẹ́.

Ìwọ náà máa ń ṣe é. Kò sí ilé kan ní Ìwó tí wọn kì í ṣe é. Ìyá wa kọ́ wa, ọ̀gá wa tún un kọ́ wa: bí iná bá lọ, pa gbogbo nǹkan, nítorí pé ìgbà tó bá ń padà bọ̀ ló máa ń fi agbára wá, tó máa ń jó nǹkan oní-nǹkan. Nígbà tí súìṣì mẹ́ta wà lára ẹ̀rọ, àwọn yẹn ni Bàbá ń pa, wọ́n á sì fi súìṣì ńlá sílẹ̀ nítorí gúlóòbù tí wọ́n ń wò. Èmi ni mo tú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dànù. Èmi ni mo tú gúlóòbù. Ọwọ́ Bàbá tí pípa nǹkan ti mọ́ lára láti ọjọ́ tó ti pẹ́ wá kò rí ohun tí yóò pa mọ́ ju ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Wọ́n á fà á sílẹ̀, wọ́n á lọ sí oko ẹ̀gẹ́ bí mo ṣe ní kí wọ́n lọ, ọ̀sán sì ni, kò sí gúlóòbù kankan tó ń tàn nínú ilé tí ẹnikẹ́ni yóò fi mọ̀ pé iná ti dé. Ó di ìgbà tí wọ́n bá padà dé ní Mọ̀gàríbà tí wọ́n rí iná ní ilé àwọn ará iwájú kí wọ́n tó gbé e sókè. Èmi á wá dé lọ́jọ́ kejì, màá bá a lókè.

"Bàbá," mo ní, ohùn mi ti lọ sísàlẹ̀, "gbogbo ìgbà tí mo bi yín, ẹ ò sọ pé ẹ pa súìṣì ńlá."

"O ò bi mí nípa súìṣì ńlá. Màṣíìnì lo bi mí. Ta ni iná máa lọ tí kò ní pa ilé rẹ̀?" Wọ́n gbé ìka sókè sí Alábòójútó tí mo ti tú ikùn rẹ̀ sílẹ̀. "O ní òun fúnra rẹ̀ ló ń jí. O ní kò retí ẹnikẹ́ni. Mo rò pé ó ní iná tirẹ̀ lẹ́yìn ògiri níhìn-ín ni."

Mo dé ìdérí, mo fún àwọn nọ́ọ̀tì padà. Mo ní kí Bàbá gbé súìṣì ńlá sókè. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fa ẹsẹ̀ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbọ́ bí irin ṣe kan irin, rédíò pálọ̀ sì pariwo sókè. Kẹ̀. Ó dákẹ́. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Kẹ̀. Kẹ̀.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Màmá Tíṣà, mo sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí, mo sọ èyí tí n kò mọ̀ nígbà tí mo ní mo mọ̀. Màmá jókòó. Bàbá ni wọ́n yíjú sí, kì í ṣe èmi.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí. Bí ẹ bá wà lóko tí iná lọ, tí mo sì wà nílé, èmi náà ni mo máa ń lọ pa á."

"Kò sí nǹkan níbẹ̀, Tíṣà. Iná ni iná."

Ẹyin ìkẹyìn yẹn kò kú tán. Púpọ̀ nínú wọn pamọ, díẹ̀ kò pamọ, àwọn kan fi ẹnu kan èèpo láti inú títí ó fi rẹ̀ wọ́n, wọn kò lè fọ́ ọ. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó wọn jáde. Òórùn yẹn gba gbogbo yàrá. Mo so gúlóòbù Bàbá padà sí òkè ẹnu ọ̀nà fúnra mi, n kò gba ohunkóhun lé e lórí. Bàbá sì ti tú ẹrù wọn, okùn náà ni wọ́n fi ń so ilẹ̀kùn àwọn ọmọ adìẹ.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, Bàbá kò pè mí ní ọmọ mi mọ́. Bí mo bá ti yọ lórí kẹ̀kẹ́ báyìí, "Ọ̀gá Oníná, ẹ káàbọ̀," ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á sì fi "ẹ" kí mi, àgbàlagbà tó lè bí bàbá mi. Kò sí ẹ̀gàn nínú rẹ̀ rárá. Wọn á gbé omi fún mi, wọn á bi mí nípa ará ilé. Mo gbìyànjú láti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà sí ti tẹ́lẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹni tó mọṣẹ́ yẹ ní bíbọ̀wọ̀ fún. N kò tíì mọ̀ títí di òní bóyá wọ́n ti dárí jì mí, àbí ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ pé wọn kò tíì dárí jì mí nìyẹn.

Mo ti fi oríṣiríṣi nǹkan tó ń jí fúnra rẹ̀ sí ilé àwọn ènìyàn lẹ́yìn ìyẹn, ní Ìwó àti káàkiri. Kí n tó ṣí àpò irinṣẹ́ mi, mo máa ń pe gbogbo ará ilé jọ, títí kan ìyá àgbà tó ń tòògbé, màá bi wọ́n pé, "Bí iná bá lọ nílé yìí, kí ni ẹ máa ń ṣe?" Wọ́n máa ń rò pé mo ya dìndìnrìn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí n kò mọ̀ nígbà yẹn ni pé alábòójútó kan ti wà lọ́wọ́ ará ilé kọ̀ọ̀kan kí tèmi tó dé, òun náà kì í retí kí ẹnikẹ́ni pè é kí ó tó jí, ẹ̀yìn ojú ni òun náà sì ń gbé. Kò tíì kúrò lára èmi gan-an. Bí iná bá lọ nínú yàrá mi báyìí, ọwọ́ òsì mi á ti gbéra lọ sí ara ògiri kí n tó mọ̀. Mo máa ń fi ọwọ́ ọ̀tún dì í mú, màá sì jókòó bẹ́ẹ̀ díẹ̀, màá máa fetí sílẹ̀.